Ìjà Ló Dé Lorin Dòwe: Àlàyé Lórí Bíìfù (Ìjà Orin) Drake àti Kendrick, àti Ibi Tó Ti Kan Olórin Ráàpù Ilẹ̀ Òkun

Lọ́sàn-án Sátidé kan ní Kábà, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, àríyànjiyàn dá iṣẹ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tí kò jìnnà sí ọjà. Ọmọkùnrin tó ń gẹrun gbé kílípà kúrò lórí oníbàárà, apá kan orí ti mọ́ tónítóní, irun ṣì kún apá kejì, ó wá kọjú sí àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ Drake, olórin ráàpù tí òun àti Kendrick Lamar jọ ń jà, ni wọ́n ń fà. Ẹnì kan ní bí ilé ẹjọ́ ṣe da ẹjọ́ náà nù, a jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí Kendrick Lamar fi kọrin. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, pé Kendrick fúnra rẹ̀ ni Drake pè lẹ́jọ́, owó ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tóun náà ń kọ ráàpù, ní ìyẹn ò kan òun. Ohun tóun fẹ́ mọ̀ ni pé bóun bá dárúkọ ẹni tóun ń bá fa wàhálà nínú orin òun, ṣé ọlọ́pàá ò ní wá òun wálé.

Àwọn méjì àkọ́kọ́ ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ìbéèrè ẹni kẹta ló gba àlàyé jù, ṣùgbọ́n a ò lè dé ibẹ̀ láìkọ́kọ́ tú ti Amẹ́ríkà palẹ̀.

Kí ló fa ìjà Drake àti Kendrick?

Drake, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Aubrey Graham, ọmọ Toronto ní Kánádà ni. Kendrick Lamar, ọmọ Compton ní ìpínlẹ̀ California ni. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ rí. Drake mú Kendrick dání nígbà tó ń káàkiri kọrin ní ọdún 2012. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń fi orin sọ̀kò ọ̀rọ̀ síra wọn, tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ ara wọn tààrà.

Èyí tó wá bú gbàmù bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹwàá ọdún 2023. J. Cole, tóun náà jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ráàpù, sọ nínú orin kan tó wà nínú àwo Drake pé òun, Drake àti Kendrick làwọn mẹ́ta tó wà lókè téńté. Ìyìn ló pè é. Kendrick ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2024, ó jáde nínú orin Future àti Metro Boomin tó ń jẹ́ "Like That", ó ní kò sí mẹ́ta níbì kankan, òun nìkan ló wà níbẹ̀.

J. Cole fèsì ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìyẹn, ó dìde lórí pèpéle níbi àjọ̀dún orin tirẹ̀ ní ìlú Raleigh, ó ní inú òun ò dùn sí ohun tóun ṣe, ó sì yọ orin náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní ojo ni. Àwọn tí wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ní ọlọ́gbọ́n ni.

Nítorí pé nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ta ló mọ orin kọ jù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 5, àwọn méjèèjì gbé orin márùn-ún jáde. Drake ní Kendrick lu obìnrin tó ń bá a gbé. Kendrick ní Drake máa ń lé àwọn ọmọdébìnrin tí ọjọ́ orí wọn ò tíì tó. Drake ní irọ́ ni. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó fìdí ẹ̀sùn èyíkéyìí nínú méjèèjì múlẹ̀, kí èyí yé wa dáadáa. Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn orin náà ni "Not Like Us" tí Kendrick gbé jáde ní ọjọ́ 4: àwòrán ilé Drake láti òkè ni wọ́n fi ṣe ìbòrí rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún yẹn kan náà, wọ́n yìnbọn fún ẹ̀ṣọ́ kan níwájú ilé ọ̀hún. Nínú oṣù Kejì ọdún 2025, orin náà gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ Kendrick kọ ọ́ níbi Super Bowl, ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ní New Orleans, tí gbogbo ayé ń wò ó.

Ta ni Drake pè lẹ́jọ́, kí sì ni adájọ́ sọ?

Kì í ṣe Kendrick. Ilé iṣẹ́ orin Universal Music Group ló pè lẹ́jọ́, nínú oṣù Kìíní ọdún 2025, ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní New York. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dà bí àlá, torí ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ń gbé orin àwọn méjèèjì jáde. Drake ní wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni ẹ̀sùn yẹn, síbẹ̀ wọ́n ń ta á, wọ́n ń polówó rẹ̀ káàkiri, ó sì ti fi ẹ̀mí òun sínú ewu. Ó ka ti ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n yìnbọn fún mọ́ ọn.

Adájọ́ Jeannette Vargas da ẹjọ́ náà nù ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ohun tó sọ kò ju pé èébú tó jáde láàárín ìjà orin, tí tibí ń bú tọ̀hún tí tọ̀hún ń bú tibí, kò sí ẹni tó ní làákàyè tó máa gbọ́ ọ kó ka gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sí ìròyìn tí wọ́n ti wádìí. Èrò àti àsọdùn ni òfin wọn kà á sí. Bóyá ẹ̀sùn náà jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́, kò tilẹ̀ dé ibẹ̀.

Ẹ rántí orin orogún. Bí ìyálé bá ń gún iyán lẹ́yìnkùlé tó sì ń fi odó ṣe ìlù, tó ń kọrin pé ẹnì kan ń fi ẹyẹ fò lóru nínú ilé yìí, ìyàwó á mọ̀ pé òun ló ń bá wí, gbogbo agbo ilé á mọ̀ pé ìjà ti dé. Ṣùgbọ́n kò sí baálé ilé tó máa lọ wá ẹyẹ lábẹ́ ibùsùn ìyàwó. Ohun tí adájọ́ sọ fẹ́ jọ ìyẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn Drake ń sọ pé kò jọ ọ́ rárá: orin orogún kì í kọjá ẹ̀yìnkùlé, èyí dé ibi tí àwọn tí kò mọ̀ pé ìjà wà nílẹ̀ ti gbọ́ ọ. Wọ́n ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ṣé ó ti pẹ́ tí èébú ti wà nínú ráàpù ni, àbí owó ló mú un wá?

Ó ti pẹ́. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973 ni wọ́n máa ń kà sí ọjọ́ ìbí hip hop, àṣà tí ráàpù ti jáde, ọjọ́ tí DJ Kool Herc, ọmọ Jàmáíkà, lu orin níbi òde àríyá ní ilé kan ní Bronx, New York. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń gbé gbohùngbohùn lójú agbo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí wọ́n máa lù bolẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1981, Kool Moe Dee kọjú sí Busy Bee ní gbọ̀ngàn Harlem World. Busy Bee mọ bí wọ́n ṣe ń mú èrò láyọ̀. Moe Dee ò bá ti àríyá wá. Lára ohun tó fi bú u ni pé orúkọ tó ń jẹ́ gan-an, ara ẹlòmíì ló ti gé e jẹ. Ẹ fi ọkàn sí ìyẹn, a ó padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni KRS-One àti MC Shan jà lórí àdúgbò tí hip hop ti ṣẹ̀. Ní ọdún 2001, Jay-Z àti Nas bú ara wọn débi pé ìyá Jay-Z ló ní kí ọmọ òun lọ tọrọ àforíjì fún èyí tó ti kọjá ààlà, ó sì lọ tọrọ rẹ̀ lórí rédíò. Wọ́n parí ìjà ní 2005. Ti Tupac àti Biggie, olórin ráàpù làwọn náà, kò parí báyẹn. Wọ́n yìnbọn pa àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996, wọ́n pa èkejì ní oṣù Kẹta ọdún 1997. Ìyẹn ló fà á tí àyà àwọn àgbà olórin máa ń já bí bíìfù bá ti ń gbóná.

Ẹni tó bá dàgbà ní Kwara àtijọ́, kí wọ́n tó yọ wá sí Kogí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní èyí. Ayinde Barrister àti Kollington Ayinla, ológun ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbájú mọ́ fújì, rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń bá ara wọn wí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bí ti ọ̀kan bá jáde, àwọn èèyàn á ti máa retí ti èkejì, àwọn míì ń rà méjèèjì láti fi ṣe adájọ́ nílé ara wọn. Owó wà nínú rẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú, mi ò lè sọ pé kò sí.

Kí ni wọ́n ń pè ní ojúlówó olórin?

Níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti ta kókó. Bí wọ́n bá ní olórin ráàpù kan kì í ṣe ojúlówó, ó lè jẹ́ ohun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, àwọn tó sì ń jiyàn kì í sábà sọ èwo.

Àkọ́kọ́ ni ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nínú jùjú tàbí orin ìjọ, bí ẹnì kan bá kọ orin tí ẹlòmíì gbé jáde, kò sí ẹni tó máa bínú. Ráàpù yàtọ̀ nítorí pé "èmi" ló kún ẹnu olórin: èmi ni mo jìyà, èmi ni mo là á já. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1979 sí "Rapper's Delight", orin tó kọ́kọ́ gbé ráàpù dé etí gbogbo ayé. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kọ ọ́, Big Bank Hank, gba ọ̀rọ̀ láti inú ìwé Grandmaster Caz. Bó ṣe rí i ló ṣe kà á. Caz ti sípẹ́lì orúkọ ìnagijẹ tirẹ̀, Casanova, sínú ẹsẹ kan, Hank náà sì sípẹ́lì rẹ̀ létí gbogbo ayé bí ẹni pé orúkọ tirẹ̀ ni. Wọn kò kọ orúkọ Caz sára àwọn tó ni orin náà.

Ẹ̀sùn yẹn kan náà ni Meek Mill, olórin ráàpù kan, fi kan Drake ní oṣù Keje ọdún 2015, pé Quentin Miller ló ń bá a kọ ọ̀rọ̀. Àwọn tó dáàbò bo Drake ní kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, orúkọ Miller wà lára àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n lọ́wọ́ nínú orin náà. Àwọn tó ń ta kò ó ní bí ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní ọba ráàpù bá ní ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ fún un, adé yẹn yẹ kó wà lórí ẹlòmíì. Drake fi orin fèsì, orin náà sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbàgbé ìbéèrè.

Ìkejì ni ibi téèyàn ti wá. Kendrick fẹ̀sùn kan Drake nínú "Not Like Us" pé ìlú Atlanta ló ń lọ ko ohùn àti òkìkí ní gbogbo ìgbà tó bá rí i pé tòun ń rẹlẹ̀. Drake ti ṣe eré tẹlifíṣọ̀n fún àwọn ọ̀dọ́ ní Kánádà kó tó di olórin, ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó Júù, bàbá rẹ̀ aláwọ̀ dúdú láti Memphis. Àwọn tó wà lẹ́yìn Drake ní Memphis kì í ṣe ẹ̀yìn odi hip hop, àti pé Kool Herc tó dá a sílẹ̀ pàápàá, àjèjì ni ní Bronx.

Ìkẹta, pé ṣé ohun tó ń kọ ló ń gbé, yìí ni wọ́n máa ń fi dá àwọn ọmọ olówó lẹ́jọ́. Kò gba àlàyé púpọ̀.

Ìkẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, Drake fi AI, ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lè sín ohùn èèyàn jẹ, ṣe ohùn Tupac, ó jẹ́ kí òkú bá Kendrick wí. Àwọn tó ń bójú tó ogún Tupac ní kó yọ ọ́ kíá tàbí kó pàdé àwọn nílé ẹjọ́. Ó yọ ọ́. Àwọn àgbàlagbà ṣọ́ọ̀bù tí mo sọ yẹn, ibí yìí ni wọ́n ti pariwo jù. Ọ̀kan ní bí eégún bá ń fọhùn, a ṣáà mọ ìdílé tó gbé e jáde.

Níbo ló ti kan àwa tí a wà ní ilẹ̀ Òkun?

Ọ̀rọ̀ ìkejì yẹn, ibi téèyàn ti wá, ló ń jà nílẹ̀ níbí. Òwé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀: ìkíni wa, "Òkun", ló di orúkọ tó so gbogbo wa pọ̀. Ẹ̀kùn ìdarí Kábà ni wọ́n kó púpọ̀ wa sí lábẹ́ Àríwá nígbà òyìnbó, a di ará Kwara, láti ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 a di ará Kogí. Bí ọmọ Òkun bá dé Ìbàdàn, wọ́n á bi í bóyá Yorùbá ni. Bó bá dé Lọ́kọ́ja, wọ́n á bi í ìdí tó fi ń ṣe bí ará Èkó. Ẹni tí wọ́n ti ń bi léèrè bẹ́ẹ̀ láti kékeré, "ṣé ohùn tìrẹ nìyí?" kì í ṣe ọ̀rọ̀ hip hop nìkan létí rẹ̀.

Ìgbà kan wà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kà sí ráàpù ní Nàìjíríà. Ruggedman wà lára àwọn tó ń sọ pé kí olórin lo èdè ìbílẹ̀. Lord of Ajasa ń kọ ráàpù ní Yorùbá kí Dagrin tó dé. Àwo Dagrin tó jáde ní 2009 ló wá já ilẹ̀kùn náà. Ọkọ̀ ṣe é ní jàǹbá, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 2010. Olamide àti Reminisce gba ibẹ̀ kọjá. Yorùbá tí wọ́n fi kọ ọ́ ni ti ìgboro Èkó àti Ògùn, èyí ló sì di Yorùbá ráàpù. Ọmọ Ìsánlú tàbí Mọ̀pà tó bá fẹ́ kọ ráàpù lónìí, ohùn yẹn ló bá nílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ọ̀dọ́ wa pín sí. Àwọn kan ní bí Dagrin ṣe fi èdè àdúgbò rẹ̀ kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ọmọ Yàgbà fi Yàgbà kọ tirẹ̀, torí ẹni tó ń sín Dagrin jẹ ti kúrò ní ohun tí Dagrin ṣe. Wọ́n máa ń fi àwọn tó kàn kígbe "Òkun o!" ní ìbẹ̀rẹ̀ orin, tí wọ́n wá fi èdè Mushin parí rẹ̀, ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Àwọn kejì ní ọjà ò gba ìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn sọ fún mi pé òun fi Òwé kọ ẹsẹ mẹ́jọ nígbà kan, òun fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ òun ní Ìlọrin, ohun tí ọ̀rẹ́ náà fi dá òun lóhùn ni, "Ó dùn. Kí ló túmọ̀ sí?" Ó ní ọjọ́ yẹn lòun padà sí Yorùbá Èkó. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ á ní kò ní sùúrù tó, pé ọ̀pọ̀ tó ń jó sí Kendrick ní Kábà kò gbọ́ ìdajì ohun tó ń sọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Òkun tí wọ́n bí sí Èkó tún wà níbẹ̀, tí wọ́n ń ráàpù nípa ilé tí wọn kì í wá ju ọdún Kérésì lọ. Àwọn tó wà nílé ní àlejò ni wọ́n. Ti Kánádà náà nìyẹn, ẹ ò rí i?

Tí mo bá dárúkọ ẹnìkan nínú orin ní Nàìjíríà, ṣé wọ́n lè mú mi?

Wọ́n lè mú ọ. Kí ẹnikẹ́ni má ka ìdájọ́ New York kó rò pé ó bo òun ní Kogí. Lábẹ́ Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí à ń lò ní Àríwá, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni ìbanilórúkọjẹ́, ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn lè tẹ̀ lé e, yàtọ̀ sí pé ẹni tí wọ́n bú tún lè pe ẹjọ́ gba owó. Bí orin bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 náà wà níbẹ̀. Abala 24 rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, ó wá dojú kọ irọ́ tí ẹni tó gbé e síta mọ̀ pé irọ́ ni, tó lè da ìlú rú tàbí kó fi ẹ̀mí sínú ewu. Àwọn agbẹjọ́rò ní àtúnṣe yẹn dín agbára abala náà kù. Ẹni tí ọlọ́pàá ti gbé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò ní rí adájọ́ tó máa ṣàlàyé ìyẹn títí di ọjọ́ Ajé.

M.I àti Vector, olórin ráàpù Nàìjíríà, fi orin bú ara wọn ní 2019, kò sí ẹni tó gbé ẹnikẹ́ni lọ sí tésàn, wọ́n tilẹ̀ padà jọ kọrin pọ̀. Ẹni ńlá ni wọ́n, àárín ara wọn ni wọ́n sì fi mọ. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ní ìlú kékeré ni pé ẹni tí o bú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ bàbá rẹ, ilé rẹ̀ kò jìnnà, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ ní ẹnu ọ̀nà ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ti ẹni tó ń báni kọ ọ̀rọ̀, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023 fara mọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó ronú ọ̀rọ̀ orin ló ni ín, àfi bó bá fi ìwé gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó.

Mo ka èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Wọ́n ti gba ohùn orin tirẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀, aṣọ ìbora ni wọ́n fi dí fèrèsé kí ariwo jẹnẹrétọ̀ má baà wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wa lórí fóònù. Ìlà kan sọ pé bàbá ọ̀tá rẹ̀ ta ilẹ̀ ẹbí. Ìlà tó tẹ̀ lé e sọ pé ẹlòmíì ló ń bá ọ̀tá náà kọ gbogbo ráàpù rẹ̀. Ó ní òun máa yọ ti bàbá yẹn kúrò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Onígbàjámọ̀ bi í pé ìkejì ńkọ́, ṣé ó ní ẹ̀rí?

Ó ní ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí wà nínú àpótí òun nílé. Òun lòun kọ ọ́.